Adágún Tí Wọ́n Fi Ara Díákónì Wọ̀n

"A kì í fi ara díákónì wọn adágún ìtẹ̀bọmi, ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn." Bí ẹ bá dé Aba Oníṣin àti àwọn abà tó yí i ká, ẹ ó gbọ́ òwe yìí lẹ́nu onígbàgbọ́, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa á láìmọ̀ pé díákónì kan wà ní tòótọ́, pé adágún náà wà, àti pé ara díákónì yìí gan-an ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Kí n má baà purọ́ mọ́ òkú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Ẹnu Màmá Rúùtù, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Mo tún wo ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ igun ibi tí wọ́n kọ ọdún sí. Màmá ní ọdún tí eṣú jẹ oko ni. Bàbá mi ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni. N kò lè dá ẹjọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìyẹn dá mi lójú, nítorí pé bí odò kò bá gbẹ, òwe yìí kì bá tí sí.

Ní àkókò náà, Ìjọ Onítẹ̀bọmi Aba Oníṣin kò tíì di ìjọ. Ibùdó ìwàásù ni wọ́n ń pè é, lábẹ́ ìjọ àgbà tó wà ní Òkè-Agbède, ìrìn máìlì méje. Pásítọ̀ Agboọlá ń wàásù fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lábẹ́ òrùlé ara wọn. Òkè-Agbède ni wọ́n ń rìn lọ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé e mọ́ sì ń jókòó sílé. Ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ agbègbè ti wí pé ọjọ́ tí wọ́n bá pé ogún ọmọ ìjọ tí a ti tẹ̀ bọ omi ni wọn yóò di ìjọ. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n.

Ẹni ogún tí wọ́n ń retí ni Ṣàngódèyí agégẹdú, ọkọ Rúùtù. Ọkùnrin yìí ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo abà fi ń pè é ní Àgéré. Bí ó bá fẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ tẹrí ba fún kí ó tó kí onílé. Òun ló la pákó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ló ń pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sí Òkè-Agbède lóṣooṣù, kí màmá arúgbó náà lè jẹ nínú Oúnjẹ Alẹ́. Bí ó bá ti gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì tán, yóò jáde lọ jókòó sábẹ́ igi, nítorí pé wọn kò tíì tẹ òun bọ omi. Ọdún tí mò ń wí yìí ló ní ọkàn òun ti gbà. Ó yege nínú gbogbo ìbéèrè pásítọ̀. Ẹni Ọ̀wọ̀ Ọlátẹ̀jú ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Àjíǹde, kí òun lè fi ojú ara òun rí ẹni ogún náà. Bí òun kò bá rí i, ó di ọdún mẹ́ta kí òun tó tún yà síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ yìí ti dé ni odò abà gbẹ.

Pásítọ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ adágún sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí àwọn obìnrin sì pọn omi kànga kún un. Gbogbo wọn gbà, àfi ìgbà tí ó kan wíwọ̀n. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí pásítọ̀ ti ń kọ́ wọn pé ìsìnkú ni ìtẹ̀bọmi: a ń sin ẹni àtijọ́, ẹni tuntun ń jí dìde. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n lára ju bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Nígbà tí ó ní kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ kí wọ́n lè fi ọkọ́ sàmì sí ibi orí àti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Òkú nìkan ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ wọn ihò fún níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀," ni bàbá kan wí, "èmi ṣì ń kọ ebè lọ́wọ́."

Òmíràn ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àgéré tó ni ihò gan-an kò sí nílé. Ó ti wọ igbó lọ la pákó.

Ni Díákónì Jòsáyà Oyèékàn, télọ̀, bá bọ́ síwájú. Ènìyàn rere ni. Ẹ má jẹ́ kí ìtàn yìí mú yín rò pé aláìmòye ni. Ó ní ìgbàgbọ́, ó sì ní ìgboyà. Gíga nìkan ni kò ní. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a mú ohun tó bá wà lórí àjà.

"Ẹ̀yin ojo wọ̀nyí!" ni ó wí. "Ẹ wọ̀n mí. Bí ikú bá wá bèèrè, ẹ ní èmi ni mo ránṣẹ́ pè é."

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó na ẹsẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà dé, wọ́n sì sàmì. Rúùtù, ìyá Dọ̀kásì, tó ń kọjá lọ pẹ̀lú ìkòkò lórí, dúró wò ó.

"Díákónì, ẹ kú ìgboyà o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wo ẹsẹ̀ ọkọ mi?"

"Ìyá Dọ̀kásì, télọ̀ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wọn ènìyàn."

"Ẹ kò tíì rán ṣòkòtò fún un rí."

"Nítorí pé aṣọ tí yóò tó o kò sí lọ́jà ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bo ìbéèrè mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ihò.

Ọjọ́ pé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn obìnrin fi pọn omi náà láti inú kànga kan ṣoṣo. Díákónì ti bọ́ sínú rẹ̀ dán an wò, ó mù ún dé àyà, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹni Ọ̀wọ̀ jókòó sórí àga pẹ̀lú ìwé àti gègé. Wọ́n kọrin, Àgéré sì bọ́ sínú adágún nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi aṣọ méjì rán pọ̀. Omi tó kan díákónì láyà kàn án ní itan.

Pásítọ̀ pe orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan ògiri, kò rí ibi nà sí. Orí wọ omi. Orúnkún méjèèjì yọ síta bí ìkòkò méjì tí wọ́n dojú wọn dé.

"Orúnkún," ni Ẹni Ọ̀wọ̀ wí.

Wọ́n ti orúnkún wọlé, orí jáde.

"Orí."

Wọ́n gbé e dábùú, bóyá yóò gbà á láti igun dé igun.

"Èjìká."

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, omi ń dà jáde.

"Ẹ rọra o!" ni obìnrin kan ké. "Omi ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ń dà nù yẹn!"

"Pásítọ̀, ẹ pín in sí méjì," ni òmíràn wí. "Ẹ tẹ orí lọ́dún yìí, kí a tẹ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mìíràn!"

Àgéré fẹ́ omi nù nímú. "Bí ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dágbére fún ìyá ìyàwó mi ná."

Ẹni Ọ̀wọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé. "Àwa kì í wọ́n omi síni lórí. Gbogbo ara ni kí ó wọlé. Mọ́kàndínlógún ni mo rí. Ó di ọdún mẹ́ta."

Ìyá Rúùtù arúgbó, tó wà lórí bẹ́ǹṣì létí adágún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọdún mẹ́ta? Àgéré, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ yóò ṣì lè pọ̀n mí. Èmi tí o fẹ́ pọ̀n ńkọ́, ṣé màá wà?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni díákónì kò lè gbà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ó bọ́ bàtà rẹ̀. Màmá Rúùtù ní kò bọ́ ohunkóhun. Tòun ti kóòtù ni ó fi fò sínú adágún.

"Pásítọ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́!"

Bí orúnkún ti yọ, díákónì jókòó lé e. Omi tó kù ru dé etí sìmẹ́ńtì nítorí ara tó pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Orí lọ, èjìká lọ, orúnkún lọ, díákónì pàápàá bá wọn lọ. Ẹni Ọ̀wọ̀ dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó wo omi náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò sí ohun tó yọ síta níbẹ̀ àfi fìlà díákónì tó léfòó.

"Ogún," ni ó wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

"Mọ́kànlélógún ni!" ni àwọn obìnrin ké. "Díákónì náà bá a ṣe é!"

"A kì í tẹ ènìyàn kan bọ omi lẹ́ẹ̀mejì," ni Ẹni Ọ̀wọ̀ dáhùn, ó ń kọ ọ́ lọ. "Ti díákónì, ìwẹ̀ ló wẹ̀."

Díákónì jáde, omi ń ro tótó lára kóòtù rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Rúùtù ló lọ tààrà. "Ìyá Dọ̀kásì, o bi mí. Ara mi ni mo wò."

Rúùtù fún fìlà rẹ̀ gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Kò burú, Díákónì. A kì í fi ara díákónì wọn adágún ìtẹ̀bọmi. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn." Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé e délé.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Àgéré pọn ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì abà, ìrìn tí kò tó kí ènìyàn fi kọ orin kan tán. Ó gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó sì yípadà láti jáde, bí ó ti máa ń ṣe. Màmá arúgbó náà di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ibo lò ń lọ? Jókòó."

Díákónì fúnra rẹ̀ ló wó ìpẹ̀kun adágún náà. Ó mú Àgéré dùbúlẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún fi ẹsẹ̀ bàtà méjì lé e nítorí ẹni tí wọn kò tíì bí. Ojú ibi tí sìmẹ́ńtì àtijọ́ àti tuntun ti pàdé ṣì hàn. Mo ti fi ọwọ́ mi kàn án. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kọ́ ilé tí ọ̀pọ̀ yóò gbé, tàbí tí ó ń ṣe òfin tí gbogbo ìlú yóò tẹ̀ lé, tí ó sì jẹ́ pé ara rẹ̀ nìkan ló fi ṣe òṣùwọ̀n, ìgbà náà ni àwọn àgbà wa máa ń wí pé: "A kì í fi ara díákónì wọn adágún ìtẹ̀bọmi; ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn." Wọn kì í pa á láti fi díákónì ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tó wọ̀n ọ́n ṣì náà ló jókòó lé orúnkún. Ẹni tí wọ́n bá sì pa á fún kì í jiyàn. Yóò dìde, yóò lọ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún ohun tó ń ṣe.