Ilà Ojú Abógunrìn

Olóyè Láwuyì ṣe ohun tí kò tọ́. Ó ní kí asúdẹ tó ń fi idẹ rọ ère fún ìlú kọ àbàjà ilé òun sójú ère Abógunrìn, jagunjagun tó kú níbi tó ti ń gba ààlà ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Kò pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ ilé Abógunrìn sí i. Lójú tirẹ̀, ta ló tún kù láyé tó mọ ojú òkú ọ̀hún?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère idẹ náà, ìlú pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà Àwẹ̀ró, ọmọ-ọmọ jagunjagun náà, tẹ̀pá bọ́ síwájú.

"Láwuyì, ta nìyí?"

"Bàbá yín àgbà ni, Ìyá."

"Ṣé wọ́n tún ilà kọ fún un lọ́run ni? Pélé tó wà lójú mi yìí, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti jogún rẹ̀?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ tiwa ló ṣàn ní ààlà. Ṣé ojú tiyín ni ìlú ó wá máa kí?"

Láwuyì wojú ère, ó wojú ìyá. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ìlú.

"Ìyá, ẹ foríjì mí. Mo fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ wá jókòó ti asúdẹ, kí ó tún ojú bàbá yín ṣe."