Ẹbọ Tí Ògúnṣọlá Fi Ewúrẹ́ Pààrọ̀

Ọkàn Ògúnṣọlá ará Ìgbàjọ kò balẹ̀. Òun ló ṣe ẹ̀rọ géèmù tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣeré, èyí tí wọ́n ń ti káséètì bọ̀ lẹ́nu kí eré tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti kọ́ iṣẹ́ náà, ọjà rẹ̀ kò yá mọ́, ogójì òṣìṣẹ́ sì ń wojú rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kejì, ẹ̀rù ń bà á.

Ó tọ Ìyá Ọ̀ṣunyẹmí lọ, àgbàlagbà tó ń da ẹẹ́rìndínlógún. Ìyá wo owó ẹyọ títí, ó ní, "Wàá rí ajé. Rú ẹyẹlé méjì àti ìgò oyin kan. Kí o sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun ní ẹnu tí yóò gba káséètì àtijọ́. Má gba ohun tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn lọ́wọ́ wọn."

Ó rú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà sanra, kò dùn ún wò, síbẹ̀ wọ́n rà á tán pátápátá.

Nígbà tó kan ẹ̀rọ kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá sọ. Ògúnṣọlá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ayé ti yí padà. Ẹnu yẹn ni kì í jẹ́ kó rẹwà. Ẹ jẹ́ kí n fi ewúrẹ́ dípò rẹ̀."

Ìyá ní, "Ta ló béèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Ó rú ẹyẹlé àti oyin, ó fi ewúrẹ́ ńlá lé e, ó sì dí ẹnu ẹ̀rọ náà pa. Ohun tí kò wù ú ló yọ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ kẹta jáde, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Adúnọlá, ìyá kan ládùúgbò tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́, mú káséètì àtijọ́ kan wá bá Ògúnṣọlá. Orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú ló wà lókè nínú eré náà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó mókè jù sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé eléyìí á gbà á?"

"Rárá, mà. Ẹ ra eré tuntun."

Obìnrin náà fi ìborùn wé káséètì rẹ̀, ó lọ. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Bí àwọn oníbàárà ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí ẹ̀rọ tí kò tà fi kún ilé, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì túká. Ọ̀kan nínú wọn, Fátúnbí, lọ bá Ìyá Ọ̀ṣunyẹmí. Ó gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó sì rú u láìyọ nǹkan kan kúrò. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ẹnu méjì. Adúnọlá ló kọ́kọ́ rà á.

Lọ́dún kejì, Ògúnṣọlá wọ ṣọ́ọ̀bù Fátúnbí. Ẹ̀rọ àtijọ́ tirẹ̀ ti bàjẹ́, káséètì eré àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló mú dání.

"Bá mi wò ó bóyá á gbà á."

Ó gbà á. Ẹni tó rú ohun tí wọ́n ní kó rú ló ń tà. Ẹni tó fi ewúrẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sanwó, ó gbé e, àbámọ̀ sì bá a délé.