Ọjọ́ Tí Kànga Ṣọ́ọ̀ṣì Fún Wọn Ní Ẹrẹ̀

"Kànga tí kò bá sinmi, ẹrẹ̀ ni yóò fún ni." Ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà rí, bóyá lọ́jọ́ tí ẹ ń sáré kiri bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Ẹ má wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ́kànga o. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà ìkórè.

Ní ìlú Ìdí-Ọdán, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Fébè. Òun ni Ìyá Ìjọ. Òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń se oúnjẹ àlejò, òun ló ń bẹ aláìsàn wò, òun náà ló tún ń ṣọ́ kànga ọgbà. Kànga yìí nìkan ni kì í gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, nítorí pé Fébè kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fa omi níbẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Á dé e, á fi àgádágodo sí i, á ní kí wọ́n jẹ́ kí omi sun. Bí ẹnìkan bá ń kùn, á dá a lóhùn pé kànga tí kò bá sinmi, ẹrẹ̀ ni yóò fún ni. Ọ̀rọ̀ omi lásán ló ń sọ nígbà náà.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni pé ohun tó mọ̀ fún kànga, kò mọ̀ ọ́n fún ara rẹ̀. Nígbà kan rí, ó máa ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí, òun nìkan pẹ̀lú Olúwa rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ jẹ àkókò náà tán. Ó ní iṣẹ́ Olúwa náà kúkú ni, pé iṣẹ́ náà ti di àdúrà òun. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ọdún kan ni Ìbídùn, ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wá bá a nídìí ààrò. Àkọ́bí Ìbídùn ti kú lóṣù yẹn, oorun sì ti dá lójú rẹ̀.

"Ìyá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa pe Ọlọ́run mọ́."

Fébè kò tilẹ̀ gbójú sókè. Òkúta inú ìrẹsì ló ń ṣà. "Ṣé irú àsìkò yìí ló yẹ kí o wá? Ìwọ náà ò rí i pé ọwọ́ mi dí? Gba ìgbálẹ̀ yẹn, kí o bá wa gbá ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í ráyè sunkún."

Ìbídùn gbálẹ̀ náà. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó sì lọ sílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, omi kò tó oúnjẹ sè. Fébè fúnra rẹ̀ ló ṣí kànga lọ́sàn-án gangan. Àwọn obìnrin tó ń bá a dáná ń wojú ara wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í léèrè? Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á, títí garawa fi gbé omi ẹlẹ́rẹ̀ sókè. Ìkánjú kò jẹ́ kí Fébè wò ó. Ó gbà á, ó dà á sórí ìrẹsì ìkórè tó ń hó lórí iná. Gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ló bá fi igbe ta, ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó ní níbo ni Ìbídùn wà tí kò wá bá wọn pọnmi láàárọ̀?

Sàlómẹ̀, igbákejì rẹ̀, ló dá a lóhùn. "Ìbídùn ò ní wá mọ́, Ìyá Ìjọ. Ó lóun ò tún dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láyé òun, pé àdúrà lòun wá tọrọ, ìgbálẹ̀ lẹ fún òun. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ohun tí kànga tí kò sinmi ń fún ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fébè lákínyẹmí ara. Ojú tì í gidigidi. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó. Àwọn tó kù rò pé kò ní pẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Nígbà tó jáde, kò yà sí ìdí ààrò. Ilé Ìbídùn ló gbà lọ.

Ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó jókòó tì í lórí ẹní.

"Ọmọ mi, omi lo wá pọn lọ́dọ̀ mi, ẹrẹ̀ ni mo bù fún ọ. Dárí jì mí."

Ìbídùn bú sẹ́kún. Fébè kò sọ pé kó dákẹ́. Àwọn méjèèjì sunkún tẹ́rùn kí wọ́n tó gbàdúrà, àdúrà náà kò sì gùn. Ìkórè kúkú wáyé lọ́jọ́ kejì. Iṣu ni Sàlómẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sè, kò sì sẹ́ni tó kú.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe fún ẹni tó ń sin gbogbo ayé tí kò ráyè dákẹ́ níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ti ń korò mọ́ àwọn tó ń sìn. Kànga tí kò bá sinmi, ẹrẹ̀ ni yóò fún ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀lẹ má fi í ṣe àwáwí o. Bí ó bá pa á níwájú àwọn àgbà, wọ́n á ní kó jókòó dáadáa kí wọ́n parí rẹ̀ fún un: kànga tí a kò sì pọn rárá, àkèré ni yóò fi ṣe ilé.