Abọ́yadé Ẹ̀yìn Ògiri

Wọ́n ti ń gbé ẹní Abọ́yadé jáde. Ọkùnrin kan gbé ẹní, èkejì ru ìkòkò omi rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ahéré tó wà lókè, lẹ́yìn ògiri. Abọ́yadé ń tẹ̀ lé wọn, ó fọwọ́ di inú mú. Kò sunkún.

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Ta ló mọ ohun tó ṣe Abọ́yadé?

Ilé Ọlọ́ya wà ní Ìsàlẹ̀ Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, àdúgbò tálákà láàárín ìlú ńlá. Ilé fẹ̀yìn ti ilé níbẹ̀, kànga agbo ilé Ọlọ́ya sì ni gbogbo ojúlé ti ń pọn omi. Àwọn tó ń bọ Ọya kì í jẹ àgbò. Èèwọ̀ wọn ni. Nígbà Iléyá, Sìfáwù aládùúgbò gbé ẹran àgbò wá, nítorí kò fẹ́ fo ojúlé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Abọ́yadé gbà á tayọ̀tayọ̀, ó sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Lọ́jọ́ kejì, àrùn onígbáméjì kọlù ú. Ó ń bì, ó ń ṣu.

Ọyáníyì, baálé ilé, ní ó ti jẹ èèwọ̀. Abọ́yadé ní ọ̀rá àgbò kò kan ètè òun. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní bí Ọya kò bá dárí jì í, kó má wọlé mọ́.

Sìfáwù nìkan ló ń wá a wò. Ó ń gbé ògì gbígbóná oníyọ̀ wá, àti omi tó ti hó lórí iná, nítorí ó ní omi tútù kò yẹ ẹni tí inú ń run. Abọ́yadé ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Ara rẹ̀ mókun.

Ìgbà náà ni àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìyàwó Ọyáníyì. Ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ọyábùnmi, ojú ọmọ náà sì jìn wọnú. Ó wọ ojúlé kejì, ó wọ ìkẹta.

Òjò ńlá kan rọ̀. Abọ́yadé jókòó sẹ́nu ahéré, ó ń wo àgbàrá. Òkè níbẹ̀ ni ṣáláńgá ilé wà. Àgbàrá gba ẹnu ṣáláńgá kọjá, ó gba ihò ẹsẹ̀ ògiri wọlé, ó dorí kọ kànga tí kò ní etí. Omi òjò lásán ni àwọn tó wà nínú ilé ń rí. Òun rí ibi tó ti ń bọ̀.

Ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri, ó pe baálé. Ohùn Ọyáníyì kò jáde dáadáa. Òun náà ti ń bì láti àárọ̀.

"Baba, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin náà jẹ àgbò ni?"

"Ẹnu mi kò kàn án rí, Abọ́yadé."

"Ọyábùnmi ńkọ́? Ta ló fún ọmọ tí kò tíì hu eyín ní àgbò jẹ?"

Baba bojú wẹ̀yìn wo ilé.

"Ẹ gòkè wá, Baba. Ẹ wá wo ohun tí gbogbo wa ń mu."

Baba tẹ ọ̀pá gòkè. Ó wo ọ̀nà tí àgbàrá gbà láti ẹnu ṣáláńgá dé kànga. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó pe gbogbo ilé jọ.

"Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ gbé ọkọ́."

Ẹni tó lè dìde dìde. Ọlọ́ya wá, Mùsùlùmí wá, onígbàgbọ́ wá. Wọ́n di ṣáláńgá pa, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀, níbi tó jìnnà sí kànga. Ọyáníyì fọwọ́ ara rẹ̀ yí òkúta dí ihò ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n gbọ́n kànga gbẹ, wọ́n mọ etí yí i ká. Kò sẹ́ni tó tún mu omi tí kò hó. Sìfáwù ń gbé ògì oníyọ̀ láti orí ẹní dé orí ẹní, títí Ọyábùnmi fi lajú, tó ké fún oúnjẹ.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà tún dá jókòó, Ọyáníyì gòkè, ó fi orí ara rẹ̀ ru ẹní Abọ́yadé padà wá sílé. Àwọn obìnrin ń ki Abọ́yadé bọ̀. Sìfáwù bi Baba bóyá ẹní wúwo.

"Ó wúwo ju ìgbà tí mo ní kí wọ́n gbé e jáde lọ."

Nígbà òjò ọdún kejì, onígbáméjì jà nínú ìlú. Kò wọ Ìsàlẹ̀ Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Àwọn àdúgbò mìíràn wá wo kànga wọn, wọ́n lọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wo ìyọnu aládùúgbò rẹ̀ bí ẹni pé ti onítọ̀hún nìkan ni, àgbà á ní ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Ahéré ti wó. Òkúta Ọyáníyì ṣì wà lẹ́sẹ̀ ògiri.