Òkété Tó Ní Iṣu Ń Pa Ayé

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún, ẹ̀yin àgbà, torí àlọ́ yìí ń ká mi lára. Àlọ́ mi rìn títí, ó yà nílé Òkété, ó yà nílé Ẹtu abiyamọ.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko jọ ń dáko iṣu kan. Lọ́dún tí iṣu ta dáadáa, ó wọ Òkété lójú. Ó fẹ́ dá a jẹ. Ó bá pe ìpàdé.

"Bàbá Erin, orúnkún ń dùn yín, àbí kò dùn yín?"

"Ó ń dùn mí, ọmọ mi."

"Iṣu ni! Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ikú ni gbogbo wọn. Ewé àti ẹ̀pà ni kí ẹ máa jẹ. Ẹ kó iṣu yín wá, èmi á bá yín rì í mọ́lẹ̀."

Erin dán an wò. Erin tó ń jẹ ogójì iṣu lójúmọ́! Kó tó pé oṣù kan, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń rìn bí ọmọge. Ta ni kò ní gbà? Wọ́n ń kó iṣu wá, wọ́n tún ń dúpẹ́.

Ẹtu náà kó tirẹ̀ wá. Ẹtu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò sanra rí! Kò pẹ́, òòyì ń kọ́ ọ, ọmú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ fà á, fà á, kò rí nǹkan kan. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ẹtu gbé e lọ bá Òkété. "Ẹ gbà mí, ọmọ mi ń kú lọ!"

"Ìyá ọmọ, ẹ ní sùúrù. Àìsàn ló ń jáde lára yín yẹn."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, iṣu sísun ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀, èérún rẹ̀ wà ní irùngbọ̀n.

Háà! Inú bí abiyamọ.

"Òkété! Ìwọ ń jẹ iṣu, ọmọ mi ń mu omijé? Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ẹranko ya dé. Òkété kó sínú ihò, ó sáré gba ojú ihò ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń sá àsálà. Iṣu ti dí i pa. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o síbẹ̀! Erin na ọwọ́jà rẹ̀, ó fà á jáde ní ìrù.

"Bàbá Erin, ẹ ṣàánú mi, ṣebí ara yín ti le!"

"Ara tèmi le, alábòsí! Ṣé èmi ni mò ń fún ọmọ lọ́mú?"

Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, wọ́n sì mú kó ru gbogbo iṣu náà jáde. Ilé Ẹtu ló kọ́kọ́ rù ú dé. Ó di ọjọ́ kẹta kí omi ọmú tó padà. Ọmọ fà á, ó gbé e mì.

Ìdí àlọ́ mi rèé: oúnjẹ afáralókun tí Erin dín kù tí ara rẹ̀ fi yá, àìjẹ rẹ̀ lè pa ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún pé kó dín iyán kù, kó dín in. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí abiyamọ máa febi para rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ jẹ lówùúrọ̀.