Àdúrà Orí Wáìnì Pupa
Olóyè Akínlàjà ní òun mọ wáìnì ju àwọn tó ń pọn ọ́n lọ. Ó ránṣẹ́ sí Tinúadé, àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀, pé bí wáìnì tí òun bá bá lórí tábìlì rẹ̀ kò bá jẹ́ olówó gọbọi, kò sí ìgbéyàwó mọ́. Wáìnì pupa àpòpọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni agbára Tinúadé ká. Nígbà tí Olóyè àti ọmọ rẹ̀ dé, Tinúadé gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀fadà tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Bí Olóyè ṣe gbé ife, Tinúadé yára kúnlẹ̀: “Bàbá, ẹ̀yin làgbà ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ súre sí i ká tó mu ún.” Inú Olóyè dùn. “Wáìnì yìí, wáìnì ayọ̀ ni! Ìgbéyàwó yìí á yẹ yín kalẹ́!” Gbogbo ilé ṣe àmín. Ó wá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ yí padà. “Irú òṣì wo lèyí? Dà á nù!” Tinúadé ò dìde. “Bàbá, ìre ẹnu yín ti wọ inú rẹ̀. Ṣé kí n da ìre ọmọ yín sí gọ́tà ni?” Olóyè wo ife, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé wáìnì náà mu tán. “Ìyàwó wa,” ló wí, “bu ọbẹ̀ sí ìrẹsì mi.”