Ewúro Tí Wọ́n Fọ̀ Títí

Láníhùn, àgbẹ̀ abúlé Ìdí-Ìyeyè, fẹ́ràn ohun dídùn ju ara rẹ̀ lọ. Ìrèké ló fi ń jí, dòdò ló fi ń sùn. Kì í ṣe òun nìkan ṣá o. Gbogbo abúlé ló kórìíra ìkorò. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ewúro lọ́jà, wọn a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá korò díẹ̀ báyìí, wọn a yọ ṣùtì sí ẹni tó ń tà á. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ṣe ń fi iyọ̀ ra á, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún un, títí yóò fi dà bí àkísà. Wọ́n ń da oore nù, wọ́n ń jẹ pàǹtí.

Nígbà tó yá, ara Láníhùn kọ̀. Bó bá ti gbé ọkọ́ sókè, òòyì a kọ́ ọ. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀. Bí kò bá kọ ebè, kí ni Àwẹ̀ró aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ yóò jẹ lọ́dún yẹn? Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ìyá Àwẹ̀ró gbọ́, ó wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń da omi ewúro nù, ó sì bá a wí. Ó já ewé ewúro tútù tí wọn kò fọ̀, ó gbé e fún Láníhùn.

“Àna mi, ẹ máa jẹ èyí láràárọ̀, kí ẹ sì fi ìrèké sílẹ̀.”

Láníhùn ìbá kọ̀, ṣùgbọ́n ta ní í tutọ́ lójú ìyá ìyàwó? Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbà á, ó ń jẹ ẹ́ tomijé tomijé. Ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń dúró tì í, tó ń wò ó lẹ́nu. Inú ń bí Láníhùn. Ó ní obìnrin yìí fẹ́ fi ìkorò pa òun ni.

Nígbà tí ìyá náà padà sílé, ẹ̀rù pé òun kò ní lè kọ ebè kò jẹ́ kí Láníhùn dẹ́kun jíjẹ ewúro náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóko, ó jókòó sinmi, ó jẹ ewúro tí kò ráàyè jẹ láàárọ̀ tán, ó sì gba akèrègbè omi lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ó mu ún, ó dúró, ó tún mu ún.

“Àwẹ̀ró, ṣé o fi oyin sómi yìí ni?”

“Oyin kẹ̀? Omi odò tí à ń mu náà ni, Bàbá Ìyíọlá. Ewúro tí ẹ jẹ ló sọ ọ́ di dídùn.”

Láníhùn bojú wẹ̀yìn. Ebè tó ti kọ láti àárọ̀ lọ bẹẹrẹ dé etí igbó, òòyì kankan kò sì kọ́ ọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ké sí àwọn tó wà lóko ìtòsí pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ewúro ṣe fún òun. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.